Fíìmù ìṣẹ́jú 5, sìkírípìtì ojú ewé 14, pósítà ò tíì sí. Ẹ gbà wá o

ọmọ_kámẹ́rà

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ wa ṣe fíìmù kékeré kan fún kíláàsì, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 5 lọ, a sì gbọ́dọ̀ ṣe pósítà ẹ̀ pẹ̀lú, pósítà yẹn gan-an la máa kọ́kọ́ fi sílẹ̀ kí fíìmù tó parí. Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe é, fóònù méjì la ní, sítáǹdì kan tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń yẹ̀, máìkì ò sí. Sátidé méjì péré la rí gbà lọ́wọ́ àwọn tó máa bá wa ṣeré.

Ìtàn náà rèé. Bàbá ọmọbìnrin kan ti kú, àmọ́ ó ṣì máa ń pe nọ́ńbà bàbá yẹn torí ohùn ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tó ń sọ pé òun ò sí nítòsí, kéèyàn fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ló pè é bó ṣe máa ń pè é, ni ẹnì kan bá gbé e. Èmi ni mo kọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí bàbá ń ṣàìsàn, ọsibítù wà níbẹ̀, ìsìnkú wà níbẹ̀, inú bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, òṣèré 9. Àwọn tá a jọ ń ṣe é ní kò lè wọ ìṣẹ́jú 5 láéláé, èmi ní tá a bá ń gé e kíá kíá nígbà édítì á wọ̀ ọ́. Ó ti ń di ìjà báyìí.

Ti pósítà tún wá le jù, ẹni tó mọ Canva (áàpù tí wọ́n fi ń ṣe pósítà) lò nínú wa kó ojú gbogbo àwọn òṣèré jọ, ó wá fi iná ńlá sẹ́yìn wọn (kò síbi tí iná ti jó nínú fíìmù wa o), ó ní bí pósítà ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ dákun, ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

àgbà_édítọ̀

Àbúrò, àwọn ẹgbẹ́ ẹ ló jàre. Ojú ewé kan sìkírípìtì, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, bí ìṣẹ́jú kan ló máa ń jẹ́ lójú sinimá. Kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n kì í sábà jìnnà síbẹ̀. 14 ò lè di 5 nínú édítì àfi tó o bá fẹ́ kó dà bí ìpolówó fíìmù tí ò sí. Ohun tẹ́ ẹ máa jù nù lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fi odindi Sátidé yà á, ẹ kúkú jù ú nù lórí ìwé nísinsìnyí.

Lójú tèmi o, ọjọ́ tí ẹnì kan gbé fóònù yẹn gan-an ni ìtàn yín. Gbogbo ohun tó ṣáájú ẹ̀, ìpè kan ṣoṣo tó láti sọ ọ́: ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ nọ́ńbà yẹn láìwò ó, ohùn bàbá jáde, òun náà ń bá a sọ ọ́ lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́ torí ó ti mọ̀ ọ́n sórí. Ìṣẹ́jú àáyá 40 nìyẹn, a ti mọ̀ pé bàbá ti kú, a sì ti mọ̀ pé kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa béèrè àìsàn tó pa á. Òṣèré kan tá a máa rí, ohùn méjì tá a máa gbọ́, yàrá kan. Sátidé kan ti tó yín, kẹ́ ẹ fi ìkejì pamọ́ fún ohun tó bá bàjẹ́, torí nǹkan máa bàjẹ́ dandan.

Tẹ́ ẹ bá ti gé e tán ẹ kọ gbogbo shot (ohun tí kámẹ́rà máa yà lẹ́ẹ̀kan kó tó dúró) tẹ́ ẹ fẹ́ yà sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ má yà á bó ṣe tẹ̀ léra nínú ìtàn o. Gbogbo èyí tí kámẹ́rà máa kọjú sí fèrèsé, ẹ yà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kẹ́ ẹ tó yí padà, àtúntò kámẹ́rà àti láìtì ló ń jẹ àkókò, yíyà gan-an kì í pẹ́. Bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan máa ya fọ́tò aṣọ, irun, ọwọ́ tó fi di fóònù mú, ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá dúró. Mo ti ṣe fíìmù kan rí tí irun òṣèré wa wà lẹ́yìn etí nígbà tó ń béèrè ọ̀rọ̀, tó wá bọ́ síwájú nígbà tí wọ́n ń dá a lóhùn. Gbogbo kíláàsì ló rí i, èmi tí mo édítì ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ò rí i.

etí_lélẹ̀

Fíìmù tó jẹ́ pé ohùn ni gbogbo ìtàn ẹ̀, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ kámẹ́rà. Èèyàn á fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, àmọ́ tí ò bá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ á pa á tì ni.

Fóònù kejì yẹn ni máìkì yín. Ẹ gbé e sún mọ́ ẹnu òṣèré débi tí kámẹ́rà bá gbà yín láyè dé, ẹ fi sí airplane mode kí ẹnikẹ́ni má pè é. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ shot kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà, ibi tó ti dún nínú fóònù méjèèjì lẹ máa fi so àwòrán àti ohùn pọ̀. Ẹ pa fáànù, ẹ pa fíríìjì (kí onílé fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sínú fíríìjì yẹn, kò ní gbàgbé láti tàn án kó tó jáde). Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ kúrò ní yàrá yẹn, kí gbogbo yín dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ gba ohùn yàrá náà lásán. Ó máa dà bí ìranù lójú yín títí dìgbà tẹ́ ẹ bá gé gbólóhùn méjì tí àárín wọn wá kú pátápátá bí ìgbà tí etí di.

Ohùn bàbá, ẹ gbà á sílẹ̀ ṣáájú, ẹ má dúró dọjọ́ yíyà. Fóònù àtijọ́ kì í gbé ju nǹkan bí 300 sí 3400 Hz lọ (Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ tó), tẹ́ ẹ bá gé ìsàlẹ̀ àti òkè ẹ̀ kúrò nínú Audacity, áàpù tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, bẹ́ẹ̀, á dún bí ìpè gidi. Kẹ́ ẹ wá fi ìyẹn sí òṣèré yín létí níbi eré nípasẹ̀ íápíìsì, kó máa dá nǹkan kan lóhùn, kó má kàn máa wo ògiri.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi orin kan sí i, tẹ́ ẹ ò bá gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sílẹ̀.

oníṣẹ́_pósítà

Iná yẹn pa mí lẹ́rìn-ín gan-an 😂 Àmọ́ mo mọ bó ṣe ṣe dé ìdí iná, kò sí fọ́tò tó lè lò ni.

Ẹ má rò pé ẹ máa yọ àwòrán kan nínú fídíò kẹ́ ẹ fi ṣe é. Fídíò 1080p, píksẹ́lì (àwọn àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán) 1920 sí 1080 ni, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní 300 dpi, ìyẹn píksẹ́lì 300 nínú ínṣì kan, ínṣì 6.4 sí 3.6 péré ló máa jẹ́. Ìwé A3 ń fẹ́ píksẹ́lì 3508 sí 4961. Fídíò tún dùbúlẹ̀, pósítà dúró ní òró, tẹ́ ẹ bá wá gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò kí ló kù? Ẹ ya ogún ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ lọ́jọ́ yẹn, láìtì yẹn náà, aṣọ yẹn náà, kẹ́ ẹ fi fóònù ya fọ́tò gidi ní òró, kẹ́ ẹ fi àyè òfìfo sílẹ̀ lókè tàbí nísàlẹ̀ fún àkọlé. Ẹ kọ ọ́ mọ́ àwọn shot yín bí iṣẹ́, torí tẹ́ ẹ bá ní ẹ máa yà á tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ ò ní ráyè.

Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Èmi ìbá ya fóònù kan tó ń dún lórí ìrọ̀rí tí ẹnì kankan ò sùn lé, kí orúkọ tó wà lójú ẹ̀ jẹ́ "Dádì". Ó tán. Tẹ́ ẹ bá ṣe é tán ẹ sún un kéré títí á fi tó èékánná àtàǹpàkò, tẹ́ ò bá lè ka àkọlé mọ́ ẹ tún un ṣe. Ẹ yẹ fọ́ǹtì wò bóyá ó gbé àmì ohùn wa dáadáa, àwọn kan máa ń ju àmì orí ẹ́ àti ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni fìlà ẹ̀ fẹ́ jábọ́. Ẹ fi milimítà 3 lé etí ẹ̀ yíká fún ẹni tó máa gé e, kẹ́ ẹ sì yí i sí CMYK (àwọ̀ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò) kẹ́ ẹ tó fún wọn tẹ̀, bẹ́ ẹ bá rí i tí búlúù yín ṣá, ẹ tètè mọ̀ ọ́n nílé.

ìbéèrè_lèmi

Ẹ má bínú o, kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló gbé fóònù yẹn nínú gbogbo yín? Tó bá jẹ́ iwin, fíìmù mìíì nìyẹn. Àmọ́ nọ́ńbà tí wọn ò lò mọ́, wọ́n máa ń fún ẹlòmíì. Tó bá jẹ́ ìyẹn ni, ọjọ́ tí onítọ̀hún gbé e náà ni ohùn bàbá lọ pátápátá, kò tún sí níbi kankan mọ́. Ọmọ yẹn ò mọ̀ pé ìgbà tó gbọ́ ọ lánàá ni ìgbà ìkẹyìn. Ibẹ̀ ló ti dùn mí, kì í ṣe ibi ìsìnkú.

ọmọ_kámẹ́rà

Haa. Tẹ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ iwin ni mo fi sí i o, mi ò fẹ́ sọ 🙈

Mo ti tún un kọ lálẹ́ àná, ojú ewé 4 àbọ̀ ló kù, ọsibítù lọ, bọ́ọ̀sì lọ, ìsìnkú nìkan ló dùn mí láti yọ torí ọ̀rọ̀ dídùn ló wà níbẹ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan ló gbé e báyìí, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ra láìnì yẹn ni, ó wá ń bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tó jí nǹkan. A ti kọ fọ́tò pósítà mọ́ iṣẹ́ Sátidé àkọ́kọ́, bàbá ọ̀rẹ́ mi ló máa bá wa gba ohùn sílẹ̀ lọ́la. Ẹ̀gbọ́n oníṣẹ́_pósítà, mo fi ti fóònù orí ìrọ̀rí yẹn han ẹni tó ń lo Canva nínú wa, ó ní ó dáa, ó wá béèrè bóyá òun lè fi iná díẹ̀ sẹ́yìn ìrọ̀rí. A ṣì ń bẹ̀ ẹ́.