Ọjọ́ tí Màámi na èékánná sí lékeléke létí omi Chincoteague

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ní kí oníkálùkù wá sọ ibi tó ti fojú rí ẹranko tí ẹnikẹ́ni ò so mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

Maryland ní Amẹ́ríkà là ń gbé. Màámi wá bá wa gbé ọmọ tuntun jó, nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, wọ́n ní ilé ti sú àwọn. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, etí ọ̀sà ni wọ́n ti ta ẹja fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Mo mọ̀ pé omi ló ń pè wọ́n. Mo fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀, mo mú Màámi àti ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 8, a wa mọ́tò lọ sí Chincoteague ní ìpínlẹ̀ Virginia, níbi tí àwọn ẹṣin kúkúrú ti ń jẹ̀ kiri ní erékùṣù Assateague láìsí gàárì, láìsí ìjánu.

Ọkọ̀ ojú omi kékeré ni mo yàn, kò gbà ju èrò mẹ́fà lọ. Ọkọ̀ ńlá ò lè wọ ẹ̀gbẹ́ àbàtà tí omi ò ti jìn, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ẹṣin ti ń jẹ koríko. Nígbà tí a sún mọ́ ọn, bàbá tó ń wà wá pa ẹ́ńjìnnì, ó gbé e sókè kúrò nínú omi, ó ní kí omi tó ń kún máa rọra gbé wa lọ. Màámi mi orí. Wọ́n ní, "Ẹni yìí mọ omi."

Ẹyẹ la kọ́kọ́ rí. Ẹyẹ òfú tò sórí òpó bí àgbààgbà tó wá síbi ìpàdé. Àṣá kan tó ń pẹja já bọ́ sínú omi, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, ó gbé ẹja jáde, ó sì yí orí ẹja náà síwájú kí afẹ́fẹ́ má baà dí i lọ́wọ́. Màámi wò ó títí tó fi dé ìtẹ́ rẹ̀. "Ó mọ ẹja á gbé," ni wọ́n wí, bí ẹni ń yin ọmọ iṣẹ́ wọn.

Lẹ́yìn náà la dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹṣin. Méje ni wọ́n, ọmọ méjì wà nínú wọn, omi mù wọ́n dé orúnkún. A ò sọ̀rọ̀ mọ́. À ń gbọ́ bí eyín wọn ṣe ń já koríko, *gírù, gírù*, òórùn ẹrẹ̀ àti iyọ̀ sì gba imú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ìyá rẹ̀ dúró tì í, ó ń fi ìrù lé eṣinṣin lára rẹ̀.

Màámi rọra bi mí léèrè bóyá gbogbo wọn ló lóyún, nítorí ikùn wọn rí roboto. Bàbá ọlọ́kọ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó ní koríko inú omi iyọ̀ ni wọ́n ń jẹ, nítorí náà omi tí wọ́n ń mu fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹṣin mìíràn. Òun ló wú ikùn wọn. Ó tún sọ pé àwọn kan ní ọkọ̀ àwọn ará Sípéènì tó rì ni baba ńlá wọn ti lúwẹ̀ẹ́ jáde, àwọn mìíràn sì ní àwọn olóko ayé àtijọ́ ló kó ẹran ọ̀sìn wọn pamọ́ sí erékùṣù náà kí wọ́n má baà san owó orí lé wọn. Màámi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: "Ti owó orí yẹn ni mo gbà gbọ́. Bàbá mi náà sá wọ oko rí nítorí owó orí."

Ìgbà yẹn ni lékeléke kan fò wá, ó bà lé ẹ̀yìn ẹṣin aláwọ̀ pupa àti funfun. Màámi, ẹni ọdún 71, na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí i bí ọmọdé, kí ó fún àwọn ní èékánná funfun. Ọmọ mi ní, "Màmá àgbà, kí lẹ ń ṣe?" Wọ́n ṣàlàyé fún un. Òun náà na tirẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó sáré wá fi àtàǹpàkò rẹ̀ hàn mí: àmì funfun kan wà níbẹ̀ lóòótọ́.

* * *

Ẹ kú ìtọ́jú Ìyá o, ó dùn mọ́ mi gan-an. Oṣù keje lèmi lọ tèmi, nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ẹṣin náà lúwẹ̀ẹ́ kọjá láti Assateague wá sí Chincoteague. Àwọn panápaná ìlú Chincoteague, tí wọn kì í gba owó oṣù, ló ni agbo ẹṣin tó wà ní apá Virginia erékùṣù náà. Láti ọdún 1925 ni wọ́n ti ń ta lára àwọn ọmọ ẹṣin lọ́dọọdún láti fi rówó ṣiṣẹ́ wọn, ó sì tún ń jẹ́ kí agbo náà má pọ̀ jù, torí àgbà ẹṣin ò gbọdọ̀ ju 150 lọ níbẹ̀. Wọ́n ń dúró de ìgbà tí omi ò kún tí kò sì fà. Mo dúró nínú ẹrẹ̀ láti ìdájí, ẹ̀fọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, ìlúwẹ̀ẹ́ náà ò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ihò imú ọmọ ẹṣin kan tó yọ lókè omi, tó ń fọn bí ẹni tí òtútù mú, tí ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí! Mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Ara tù mí nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń ra ọmọ ẹṣin, tí wọ́n á sì dá a padà sí erékùṣù kí ó lọ máa gbé níbẹ̀.

* * *

Èmi náà ti lọ síbẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo irú ọlọ́kọ̀ tí ẹ máa bá lọ. Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ wọ̀, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó jẹ́ kí èrò máa ju bisikíìtì sí ẹṣin. Ẹṣin náà wọ omi dé àyà nítorí rẹ̀. Inú bí mi. Ẹṣin tó bá ti mọ oúnjẹ èèyàn lára á máa lọ dúró sójú títì, ibẹ̀ ni mọ́tò ti ń gbá wọn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e a lọ sí Shackleford Banks, erékùṣù mìíràn tí irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ wà ní North Carolina, ọkọ̀ kékeré gbé wa láti ìlú Beaufort. A jókòó jìnnà sí àwọn ẹṣin náà lórí iyanrìn. Akọ ẹṣin kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi pátákò gbẹ́ ilẹ̀. A rò pé ó ń ṣeré ni, àfi ìgbà tó tẹ orí bọ inú ihò náà: omi tí kò níyọ̀ ló gbẹ́ jáde. Ó mu tẹ́rùn, ó kúrò. Abo tó ti ń dúró bọ́ síbẹ̀, ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ọmọbìnrin mi ní ká lọ wo ihò náà. Omi ṣì ń sun níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò ju ìwọ̀n abọ́ ọbẹ̀ kan lọ.