Báwo ni a ṣe lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí iyanrìn ṣe ń rìn létí òkun?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ìmọ̀ ẹ̀rọ àyíká òkun ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin ní yunifásítì. Wọ́n mọ ìṣirò iyanrìn tí ìgbì ń gbé rìn, ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n léèrè ìdí tí odi òkúta tí a kọ́ síbí fi ń jẹ́ kí òkun jẹ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, wọn kì í rí èsì fọ̀. A kò ní ọpọ́n ìgbì, ìyẹn ọpọ́n omi gígùn tí ẹ̀rọ ti ń dá ìgbì sílẹ̀, tí a lè fi ṣe àfihàn. Kí ni ẹ̀yin ń ṣe?

Ìdáhùn kìíní
Ẹ kó wọn lọ sí ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Èkó. Láàárín 1908 sí 1912 ni ìjọba amúnisìn kọ́ odi òkúta síbẹ̀, kí iyanrìn má baà dí ọkọ̀ lọ́nà. Láti ìwọ̀-oòrùn ni iyanrìn ti ń bọ̀, ìlà-oòrùn ló ń lọ. Nígbà tí odi dá a dúró, etíkun Lighthouse Beach tó wà ní ìwọ̀-oòrùn odi ń fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n iyanrìn kò dé ìlà-oòrùn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, òkun sì ń jẹ Bar Beach ní Victoria Island, títí ó fi di pé léraléra ni wọ́n ń da iyanrìn síbẹ̀, kí odi ńlá Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n fi iyanrìn tẹ́ sójú òkun, tó dé.

Ìdáhùn kejì
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ìrìn náà má di ti ìworan. Ọsàn ni mo fi ń wọn ìṣàn omi tó ń gbé iyanrìn lọ létí òkun: a ó jù ú sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ẹnì kan yóò máa wo aago, ẹlòmíràn yóò máa bá ọsàn rìn létí omi, a ó sì fi tépù wọn ibi tó dé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí tó pọ̀ jù lára ọsàn ló ń wà nínú omi, nítorí náà afẹ́fẹ́ kì í tì í kiri bíi ti ìgò. Ẹ máa ṣe é lóṣooṣù níbì kan náà, lójò àti lọ́yẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má wọ omi kọjá orúnkún. Ìgbì Èkó lágbára.

Ìdáhùn kẹta
Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Àlàyé yìí bá Lomé àti Kútọnu náà mu, nítorí lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ èbúté síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 ni òkun túbọ̀ ń jẹ ilẹ̀ ìhà ìlà-oòrùn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má gbé e wá sí Ayétòrò, ìlú wa létí òkun, bẹ́ẹ̀. Ẹrẹ̀ ló pọ̀ jù ní etíkun wa. Ṣe ni ẹrẹ̀ máa ń pò mọ́ omi, tí ìgbì á sì gbé e jìnnà. Ó máa ń dùn mí tí ọ̀mọ̀wé bá ní kí a kàn da iyanrìn síbẹ̀ bíi ti Bar Beach. Lórí ẹrẹ̀ rírọ̀, kí ni iyanrìn náà yóò dúró lé? Ẹ fi ìbéèrè yẹn sínú ìdánwò wọn.