Òfo kọ́ ni àṣàrò: èsì sí “ìsọkàndòfo”

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìjíròrò yìí, mo kí yín láti Abẹ́òkúta. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ tí arákùnrin wa láti Ìbàdàn gbé kalẹ̀, pé kí a pa “àṣàrò” tì, kí a sì máa pe ìjókòó jẹ́ẹ́ tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, àwọn oníyóga àti àwọn mìíràn ń ṣe ní “ìsọkàndòfo”, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ète gbogbo wọn ni láti kó èrò kúrò lọ́kàn pátápátá. Ọdún 27 ni mo fi kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá kí n tó fẹ̀yìn tì. N kò sọ èyí láti fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tuntun yìí kò bá mi lára mu rárá.

“Òfo” gan-an ni ìjà mi. Ẹ jẹ́ kí a fi ti ohùn sílẹ̀ ná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá ṣèèṣì gbé ohùn ìparí sísàlẹ̀ ti sọ ọkàn ọlọ́kàn di òfò. Bí a tilẹ̀ pè é bó ti yẹ, níbo ni òfo ti jẹ́ ohun rere lẹ́nu wa? Ẹni tó padà dé lọ́wọ́ òfo kò rí nǹkan kan mú bọ̀, ẹni tí a pè ní olórí òfìfo, bú ni a bú u, àgbá òfìfo ló sì ń pariwo jù. Ẹ lọ sọ fún ìyá àgbàlagbà kan ní Ìtòkú pé ẹ fẹ́ jókòó kí ẹ sọ ọkàn yín di òfo, ẹ ó rí i bí yóò ti ránṣẹ́ pe àwọn ẹbí yín kíákíá.

Yàtọ̀ sí ti èdè, ọ̀rọ̀ ète náà kò rí bó ṣe wí. Bhavana ni àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń pe iṣẹ́ yìí ní èdè Páálì, èdè ìwé mímọ́ wọn àtijọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni mímú kí nǹkan wà àti títọ́ ọ dàgbà, bí àgbẹ̀ ti ń tọ́jú ohun ọ̀gbìn. (Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sọ pé “ro” àti “rò” bá ara wọn tan o: oko ríro, ọ̀ràn rírò, ohùn wọn kò pàdé.) Nínú ìlànà tí wọ́n ń pè ní anapanasati, èémí tó ń wọlé tó sì ń jáde ni ẹni tó jókòó ń kíyè sí, bí ọkàn rẹ̀ bá sì ti sá lọ, orí èémí náà ni yóò dá a padà sí. Ta ló ń dá ọkàn padà sórí òfo? Ti Patanjali, àgbà Íńdíà àtijọ́ tí a ka ìwé ìlànà yóga sí lọ́wọ́, tó ní dídá ìrugùdù ọkàn dúró ni yóga, ni arákùnrin wa ì bá fi gbè ara rẹ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n omi ìkòkò tí a pọn lálẹ́, tó wá tòrò nígbà tó fi máa di àárọ̀, ṣé ó ti tán ni? Títòrò ni wọ́n ń wá, wọn kò wá gbígbẹ.

Arábìnrin wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ní tirẹ̀ sọ pé “àṣàrò” ń rùn bíi ṣọ́ọ̀ṣì. Òótọ́ ni pé inú Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti Thomas King, ọmọ Ẹ̀gbá, jọ bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n àwọn Krìsìtẹ́nì ń gba “àdúrà”, wọ́n ń pe olórí ìjọ wọn ní “àlùfáà”, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n sì ti rí méjèèjì mú, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dá a padà. “Ìṣọ́kàn” tí arábìnrin náà fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ wù mí, nítorí ìṣọ́ gan-an ni muraqaba tí àwọn Súfì, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí tó ń wá bí ọkàn wọn yóò ti súnmọ́ Ọlọ́hun, ń ṣe, tí ènìyàn ń ṣọ́ ọkàn ara rẹ̀ nítorí ó mọ̀ pé Ọlọ́hun ń ṣọ́ òun. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé, bí a bá kọ ọ́ láìfàmì sí, ìdajì Nàìjíríà ni yóò kà á sí “ìṣọ̀kan”, wọn yóò sì rò pé ìjọba ló ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tí mo gbà ń tú “àṣàrò” ni à, ṣà, rò, “ṣà” inú àṣàyàn àti àṣàjọ. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ kì í bù ú ní ẹ̀kúnwọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa mú un sójú, tí yóò máa yọ òkúta rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí Orin Dáfídì kìn-ín-ní lò níbi tí Bíbélì wa ti kọ “àṣàrò”, hagah, kíkùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lábẹ́ ètè ni, òun náà ni ìwé Àìsáyà sì fi sọ̀rọ̀ kìnnìún tó ń kùn lórí ẹran tó pa. Ẹ rántí bí àwọn àgbà wa ti ń gbé ọwọ́ lé orí láàárọ̀, kí wọ́n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń bá orí wọn sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹnu wọn kò dákẹ́, ọkàn wọn kò sì ṣófo.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ya adìrẹ ẹlẹ́kọ títí ojú fi ń ṣe é bàìbàì, a máa ki ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́, yóò fi fa ìlà kan láti etí aṣọ kan dé èkejì, ètè rẹ̀ yóò sì máa mì. Bí mo bá kí i, kò ní dáhùn títí ìyẹ́ yóò fi dé òpin ìlà. Lọ́jọ́ kan mo béèrè ohun tí ó ń rò. Ó ní, “N kò rò nǹkan kan, ọwọ́ mi ni mò ń bá lọ.”

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò gbá gbólóhùn yìí mú láti fi yọ “rò” kúrò nínú “àṣàrò” mi, ó sì lè rí mi mú níbẹ̀, nítorí ẹni tó ń ṣọ́ èémí kò rò ó, ó kàn ń bá a lọ ni. Ṣùgbọ́n kí arákùnrin wa láti Ìbàdàn kọ́kọ́ fi gbólóhùn àgbà kan ṣoṣo hàn wá, nínú òwe, nínú oríkì tàbí nínú ẹsẹ Ifá, tí “òfo” ti jẹ́ ohun tí ènìyàn ń fẹ́ fún ọkàn rẹ̀. Mo ń retí rẹ̀. Àti ẹni tó kọ “asaro” lẹ́ẹ̀mẹ́fà láìfàmì sí, ebi àsáró ni ó fi ń pa mí láti àárọ̀.