Ta ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì sea urchin pé eegun ni kó dà?

Omo_SouthGate: Ẹ kú alẹ́ o gbogbo ilé. FUTA ni mo wà, ìdánwò ti dé tán àmọ́ ibì kan ò wọ orí mi rárá. Wọ́n ní onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Hans Driesch, ya sẹ́ẹ̀lì méjì àkọ́kọ́ ọlẹ̀ sea urchin (ẹran òkun roboto ẹlẹ́gùn-ún yẹn) sọ́tọ̀ ní 1891, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì di odindi, kí wọ́n kàn kéré ni. Wọ́n tún ní tí wọ́n bá yọ micromere (àwọn sẹ́ẹ̀lì bíńtín ìdí ọlẹ̀) nìkan sínú abọ́, eegun náà ló máa ṣe. Èwo ni ká mú? Ṣé sẹ́ẹ̀lì ti mọ ohun tó máa dà ni àbí aládùúgbò ẹ̀ ló ń sọ fún un?

AuntyLab_OkeAro: Àbúrò, méjèèjì lòótọ́, ibi tí wọ́n ti là á ni kó o wò. Ẹyin yẹn lórí ó nídìí. Ìpín kìíní àti ìkejì, láti orí dé ìdí ni, bí ẹni la ìbẹ́pẹ lóòró, gbogbo ẹ̀là ló ní díẹ̀ nínú orí àti ìdí, òun ló jẹ́ kí ti Driesch yọrí. Ìpín kẹta ló gba àárín dábùú, sẹ́ẹ̀lì di 8, tó o bá wá ya 4 òkè sọ́tọ̀ báyìí, bọ́ọ̀lù onírun tí kò ní ìfun ló máa dà. Nígbà tó bá di 16, tòkè ti pín dọ́gba sí mesomere 8, tìsàlẹ̀ ò dọ́gba, macromere ńlá 4, micromere bíńtín 4 ní ìdí pátápátá. Inú micromere yìí ni purotéènì kan, β-catenin, ti máa ń wọ núkílíọ́ọ̀sì (ibi tí jíìnì wà), ó jí jíìnì pmar1, pmar1 pa jíìnì míì, hesC, lẹ́nu mọ́, hesC yẹn ló sì ń dí àwọn jíìnì eegun lọ́nà tẹ́lẹ̀. Èmi fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, kò sẹ́ni tó pàṣẹ pé ṣe eegun, ẹni tó dínà ni wọ́n kàn lé kúrò.

Ondo_Bobo: Ẹ ti gbàgbé Hörstadius, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Síwídìn. Ó gbé micromere lọ lẹ̀ mọ́ orí ọlẹ̀ míì, sẹ́ẹ̀lì orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìfun kejì! Purotéènì kan, Delta, ni micromere fi ń ránṣẹ́ sí àwọn tó fara kàn án, àwọn yẹn fi Notch, purotéènì tiwọn, gbà á, lára wọn ló ń di sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀. Tó o bá sì yọ gbogbo micromere dànù, àwọn ọmọ macromere máa rọ́pò wọn, wọ́n á ṣe eegun náà, torí náà má kọ ọ́ pé àyànmọ́ ò gbóògùn o 😂

Omo_Ilaje: Etí òkun ni wọ́n bí mi sí, mi ò rí nǹkan yìí nínú àwọ̀n rí.

AuntyLab_OkeAro: Ẹrẹ̀ ló pọ̀ lọ́dọ̀ yín, ibi olókùúta ló ń gbé jù. Irú aláwọ̀ àlùkò tó wà létíkun ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ni ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Eric Davidson lò tí wọ́n fi ya máàpù àwọn jíìnì yẹn jáde ní 2002.

Omo_SouthGate: Ẹ ṣeun gan-an ma, ó ti ń yé mi. Kẹ́míkà lithium ńkọ́? Wọ́n ní ó máa ń sọ ọlẹ̀ di onífun ńlá.

AuntyLab_OkeAro: Ó ń dí ẹ́ńsáìmù kan, GSK3, lọ́wọ́, GSK3 ló sì ń jẹ́ kí β-catenin bàjẹ́, tí β-catenin bá wá pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì òkè náà á máa ṣe bíi tìdí. Tó o bá ń ya àwòrán ẹ̀, rántí pé micromere 4 yẹn ṣì máa pín, 4 ńlá, 4 kékeré. Àwọn ńlá ló ń ṣe eegun o, má dà wọ́n pọ̀.