Táyà wo ló yẹ ọkọ̀ òfuurufú kékeré Super Cub lórí òkúta etí odò ní Alaska?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Fún Piper Super Cub tó ń balẹ̀ sórí òkúta etí odò, ṣé táyà oníwọ̀n 8.50-6 tó, àbí Bushwheel, táyà ńlá rírọ̀ tó jẹ́ 31 ínǹṣì?

Ìdáhùn 1: Koríko àti yẹ̀pẹ̀ líle ni 8.50 wà fún. Tí òkúta bá ti tóbi ju ìkúùkù lọ, ẹ gbé Bushwheel. Kò ní tíúbù, ara táyà fúnra rẹ̀ ni fáàfù wà, ẹ sì lè dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù dé bíi psi 8, kó lè rọ̀ mọ́ òkúta dípò kó máa ta. Ẹ má dán irú ẹ̀ wò pẹ̀lú táyà oní-tíúbù! Bí ẹ bá ṣe tẹ bíréèkì báyìí, táyà á yí lórí rímù, á fa tíúbù, ọrùn fáàfù á já. Ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan láti rímù bọ́ sórí táyà. Bí ìlà náà bá ti yà, ó ti ń yí nìyẹn.

Ìdáhùn 2: Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Àmọ́ bí táyà bá ṣe tóbi tó ni bíréèkì ń ṣe aláìlágbára tó, ẹ wá bíréèkì tó lágbára sí i. Rọ́bà Bushwheel rọ̀ gan-an, títì ọlọ́dà á jẹ ẹ́ kíákíá.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣeun gan-an ni.