Iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin lẹ́yìn ilé wa ń gbé ìléru tuntun wọlé, ta ni ká lọ bá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Odogunyan ní Ìkòròdú ni mò ń gbé. Iléeṣẹ́ kan tó ń yọ́ irin àlòkù wà lẹ́yìn ilé wa, wọ́n sì ti ń gbé ìléru tuntun wọlé láti oṣù tó kọjá. Èyí tó wà nílẹ̀ gan-an kò jẹ́ ká mí. Tí mo bá sá aṣọ ọmọ mi lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, eérú dúdú á ti bò ó. Ẹ fọwọ́ nù ún, á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ bí ọ̀dà. Ikọ́ ọmọ náà ń pọ̀ sí i lóru, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ní Amẹ́ríkà, láti 1977, iléeṣẹ́ àtijọ́ tó bá fẹ́ ṣe àtúnṣe ńlá tó máa mú èéfín rẹ̀ pọ̀ sí i gan-an gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàwé àṣẹ. Àwa náà ní òfin àyẹ̀wò àyíká ti 1992, tó ní kí aráàlú sọ tẹnu wọn kí ìjọba tó fọwọ́ sí irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wá ní nǹkan kan.

Ṣé LASEPA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, ni ká kọ̀wé sí ni, àbí NESREA, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀? Àbí ká kọ́kọ́ lọ bá baálẹ̀? Ẹ̀rí wo ló wúlò jù, fọ́tò àbí ìwé dókítà? Àwọn ará àdúgbò wa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n ṣáà fi ẹ̀rọ tó ń gba eruku sí i ni. Ẹni tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.