Kelowna: kọ́lẹ́ẹ̀jì ni àbí UBC Okanagan? Ọjọ́ Ẹtì lowó

Ìyá Mọrẹ́nikẹ́, Súrùlérè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará òkè òkun. Ẹ gbà mí. Ilé ìwé méjì ló gba ọmọ mi wọlé, Kelowna ní Kánádà sì ni méjèèjì wà. Okanagan College fún un ní díplómà ìṣòwò ọdún méjì, UBC Okanagan, ìyẹn University of British Columbia, fún un ní digirí management ọdún mẹ́rin. Àbúrò mi ní UBC gidi wà ní Vancouver, pé ẹ̀ka lásán ni ti Kelowna. Bàbá rẹ̀ ní òun ò ní tà ilẹ̀ nítorí ẹ̀ka. Owó UBC ju ìlọ́po méjì ti kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ. Ọjọ́ Ẹtì ni a gbọ́dọ̀ san àsansílẹ̀. Oorun ò kun ojú mi mọ́.

Ọmọ Lafíàjì, Vancouver:
Mọ̀mọ́, ẹ fọkàn balẹ̀. UBC ni UBC ń jẹ́, digirí UBC ni wọ́n sì ń gbà níbẹ̀. Ilé ìwé kan ló wà ní Kelowna tẹ́lẹ̀, wọ́n pín in ní 2005: apá kan di UBC Okanagan, apá kejì di Okanagan College. Engineering LASU wà ní Èpé, ta ló ń bi ẹnjiníà wọn pé ṣé LASU ni lóòótọ́? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé Kelowna jìnnà sí Vancouver. Bíi wákàtí mẹ́rin ni lójú ọ̀nà, àárín òkè lọ̀nà sì gbà. Láti October 1 dé April 30, dandan ni táyà yìnyín níbẹ̀. Tí ẹ bá lẹ́bí ní Surrey lẹ́bàá Vancouver, ẹ má retí pé wọn á máa gbé ọbẹ̀ lọ bá a ní Sátidé.

Bọ̀dá Winnipeg:
Ẹ fi orúkọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ PGWP, ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní Kánádà lẹ́yìn ìwé kíkà. Ẹni tó bá béèrè study permit (ìwé àṣẹ láti kàwé) láti November 1, 2024, tó sì lọ ṣe díplómà, kò ní rí PGWP gbà àfi tí ohun tó kà bá wà nínú àkójọ ìjọba: ìtọ́jú aláìsàn, iṣẹ́ ọwọ́, sáyẹ́ǹsì àti irú wọn. Díplómà ìṣòwò kò sí níbẹ̀. Ọmọ á kàwé tán, á palẹ̀ ẹrù mọ́, ó di Súrùlérè. Òfin yẹn ò mú ẹni tó gba digirí. Ìdánwò èdè nìkan ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ìpele CLB 7 nínú Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé.

Ìyá Mọrẹ́nikẹ́:
Yéè! Agent ò sọ èyí fún wa o.

Ọmọ Muṣin, Brampton:
Agent wo ló ń sọ ọ́? Ìwé-ẹ̀rí ọlọ́dún kan ni èmi kọ́kọ́ ṣe. Bí mo ṣe parí ni mo béèrè PGWP, torí owó ilé ti wọ̀ mí lọ́rùn. Wọ́n fún mi. Mo wá padà lọ gba digirí, mo tún béèrè, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni èèyàn ń gbà á láyé. Ká ní mo ní sùúrù ni, ọdún mẹ́ta gbáko ni ǹ bá rí gbà. Owó tó bá a lọ tó ra ilẹ̀ ní Ìkòròdú.

Àǹtí Calgary:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ilé ìwé ló jẹ̀bi. Àwọn ló yẹ kó kìlọ̀ fún ẹ.

Bọ̀dá Winnipeg:
Àǹtí, ó wà lójú ewé ìjọba gbangba. Ẹni tó fẹ́ ná irú owó yẹn gbọ́dọ̀ kà á.

Àǹtí Calgary:
Onílé ń kanlẹ̀kùn, ẹ ní kí ó jókòó máa ka òfin? Ọmọ ọdún mélòó ni nígbà yẹn? Ẹ má fi ìyà jẹ ẹni tí ìyà ti jẹ.

Ọmọ Muṣin:
Ẹ ṣé, Àǹtí. Mo ti gba PR báyìí, ìwé ìgbélùú títí lọ, a dúpẹ́.

Ìyá Ìbejì, Kelowna:
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Mọ̀mọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn ní digirí ìṣòwò tirẹ̀, BBA, ọdún mẹ́rin. Ẹ bi wọ́n kí Ọjọ́ Ẹtì tó dé bóyá wọ́n lè kọ BBA sínú lẹ́tà rẹ̀ dípò díplómà. Owó á rọjú, PGWP á sì wà. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kó sì parí ní UBC, ó ṣeé ṣe. BC Transfer Guide á fi kọ́ọ̀sì tí UBC máa gbà hàn yín, ẹ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n láti November 2024, ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ilé ìwé gbọ́dọ̀ gba study permit tuntun, ìyẹn sì lè fa ìdádúró. Ẹ tọ́jú dọ́là Kánádà 22,895 fún jíjẹ-mímu ọdún kan, owó ilé ìwé àti ti ọkọ̀ òfurufú ò sí nínú rẹ̀. Ẹ má gbára lé iṣẹ́ o, wákàtí 24 lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbà nígbà tí ìwé bá ń lọ.

Ọmọ Lafíàjì:
Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́ tán. Ẹ̀yin ọmọ Muṣin lẹ máa ń sáré wọkọ̀. Àwa ará Island máa ń bi kọ̀ndọ́ níbi tó ń lọ ná.

Ọmọ Muṣin:
Ẹ̀yin tí òjò July ń bá nínú yàrá? Ta ló ń gbé ẹ̀wà àgànyìn kọjá afárá wá fún yín?

Àǹtí Calgary:
Áà, ẹ̀wà àgànyìn. Pẹ̀lú búrẹ́dì Agége gbígbóná. Mo ti dín ata yẹn títí níbí, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọmọ Muṣin:
Ẹ wá sí Brampton, a ní gbogbo rẹ̀.

Bọ̀dá Winnipeg:
Brampton tí owó yàrá kan tó owó ilé odindi níbí?

Ìyá Ìbejì:
Òtútù Winnipeg sì ń gé imú. Ṣẹ́rì là ń já lórí igi ní tiwa.

Bọ̀dá Winnipeg:
Iná igbó ńkọ́? Ṣé kì í ṣe August 2023 ni wọ́n kó gbogbo èèyàn kúrò ní UBC yín?

Ìyá Ìbejì:
Òótọ́ ni, ẹ̀rù bà wá gan-an. Ọlọ́run yọ wá.

Ìyá Mọrẹ́nikẹ́:
Ẹ ṣé gan-an o. Bàbá rẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ yín lọ́wọ́. Ó ní kí n bi yín, kọ̀ǹpútà ló wà lọ́kàn ọmọ náà tẹ́lẹ̀, ṣé ó lè yí i padà tó bá débẹ̀?

Àǹtí Calgary:
Ẹnì kan á dá yín lóhùn, Mọ̀mọ́. Ta ló ń ti Èkó bọ̀ ṣáájú Iléyá? Mo fẹ́ elùbọ́.

Ọmọ Lafíàjì:
Ti Ìdúmọ̀tà àbí ti Oyíngbò?

Àǹtí Calgary:
Oyíngbò ni o. Kí ọmọ Island kankan má bá mi sọ ti Ìdúmọ̀tà.